Ìyá Mi, Ẹ Má Gbálẹ̀ Gbígbẹ Mọ́

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú ìdúró ti ẹ̀rọ, ẹ kú ariwo rẹ̀, ẹ kú gbogbo làálàá ọjọ́. Láti Ìkọ̀lé-Èkìtì níhìn-ín ni mo ti dọ̀bálẹ̀ kí yín, mo sì mọ̀ pé ẹ ti ń dá mi lóhùn níbi tí ẹ jókòó sí. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Sìlífátù, ẹni tó máa ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Mo kí ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ. Mo kí àwọn ìyá asálátù yín, mo kí Àlùfáà ẹ̀yìnkùlé wa, mo sì kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń gbé iṣu gbígbẹ wá lọ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ṣakí. Ara mi le, oúnjẹ ń wọlé, mò ń sùn dáadáa.

Ẹ má bínú pé mo gbé ọ̀rọ̀ ilé wa sínú ìwé ìròyìn tí gbogbo èèyàn lè kà. Mo ti sọ ọ́ fún yín lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kíní, ẹ ní ẹ ti gbọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ bi mí bóyá mo ti jẹun. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ gbé fóònù fún Sìlífátù, mo sì ń gbọ́ ikọ́ yín bí ẹ ṣe ń rìn lọ. Sìlífátù ní ikọ́ náà ti lé ní oṣù méjì, àti pé ẹ ní ọyẹ́ ló fà á. Mo wá rò ó pé bí wọ́n bá kà á sí yín létí níwájú àwọn oníbàárà yín, ẹ ò ní rí ẹni gbé e fún. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ ń lọ èlùbọ́ ní ìlú wa. Ẹni tó bá tún kà á, kó fi kún ti ara rẹ̀.

Ẹ mọ bí mo ṣe kúrò nílé. Lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ mi kán lórí ọ̀kadà tó sì jinná, ẹ rí i fúnra yín pé kò lágbára tí mo lè fi ti ọ̀kadà dúró mọ́. Kámọ́rù ọmọ àdúgbò wa, tó ń wa ọkọ̀ pákó, ló sọ fún mi pé obìnrin kan wà ní Ìkọ̀lé tó ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, tó sì ń wá ẹni tí òun máa kọ́ ní iṣẹ́ fáníìṣì, ìyẹn ọ̀dà tí wọ́n ń fi kun àga àti bẹ́ẹ̀dì kó lè máa dán. Mo di ẹrù mi, mo bá a wọ ọkọ̀ wá.

Ìlú náà tutù ju tiwa lọ. Láàárọ̀, kùrukùru máa ń bo oko kòkó débi pé ẹ ò ní rí ẹni tó ń kí yín lọ́nà. Èdè wọn náà kọ́kọ́ yí mi lórí. Ilé ni wọ́n ń pè ní ulé, iṣẹ́ ni wọ́n ń pè ní uṣẹ́. Lọ́jọ́ tí mo dé, mo bi ìyá kan léèrè ọ̀nà, ó ní kí n máa lọ tààrà títí n ó fi dé ulé pupa kan. Mo rò pé orúkọ èèyàn ni. Mo ń bi àwọn ará àdúgbò léèrè Ulépupa títí ẹnì kan fi fi ẹ̀rín mú mi lọ́wọ́ dé iwájú ilé tí wọ́n kùn ní ọ̀dà pupa. Ohun tó dùn mí jù nígbà yẹn ni pé kò sẹ́ni tó mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Ní Ṣakí, èèyàn márùn-ún á ti kí mi kí n tó dé títì. Níbí, èmi ni mò ń kọ́kọ́ kí wọn. Wọ́n á dáhùn dáadáa, wọ́n á sì máa wò mí lọ.

Màmá Bọ́sẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń pe ọ̀gá mi. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, kì í pariwo. Ìjọ Áńgílíkà ló ń lọ, ṣùgbọ́n bí ọ̀sán bá ti pọ́n, òun ló máa ń rán mi létí pé kí n lọ kírun. Ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé ló dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀. Àwọn káfíńtà méjì ń rẹ́ pákó, wọ́n sì ń kàn án lábẹ́ àtíbàbà níta. Inú yàrá ńlá tó wà lẹ́yìn ni òun fúnra rẹ̀ ti ń kun ohun tí wọ́n bá kàn tán. Ìyá mi, ẹ ò tíì rí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá kun igi tán, ẹ máa rí ojú yín nínú rẹ̀ bí ìgbà téèyàn wo inú omi tó dákẹ́.

Mo rò pé lọ́jọ́ kejì ló máa gbé búrọ́ọ̀ṣì fún mi. Ìgbálẹ̀ ló gbé fún mi. Ugbálẹ̀ ni òun ń pè é. Ó ní kí n kọ́kọ́ mọ yàrá náà í gbá ná. Ó sì fi bí òun ṣe fẹ́ ẹ hàn mí: kí n bu èérún pákó sínú garawa, kí n wọ́n omi sí i, kí n pò ó títí yóò fi tutù, kí n fọ́n ọn sílẹ̀, kí n wá máa gbá a díẹ̀díẹ̀. Inú mi ò dùn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí, mo ti fi ọ̀kadà gbé èèyàn dé ẹnu ibodè, ẹnì kan wá ń kọ́ mi ní ilẹ̀ gbígbá tí ẹ ti kọ́ mi kí n tó wọ ilé-ìwé. Bó bá ń wò mí, mo máa ń ṣe bó ṣe wí. Bó bá ti yíjú, mo máa ń gbá a gbígbẹ fìrìfìrì, n ó sì parí rẹ̀ kíá. Lójú tèmi, ilẹ̀ mọ́ bákan náà. Báyìí ni mo ṣe é fún oṣù mẹ́ta.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ìjọ kan ní Ayégbajú-Èkìtì ní kí a bá àwọn ṣe tábìlì gíga tí wọ́n ń gbé Bíbélì lé níwájú ìjọ. Igi ọ̀gànwó ni wọ́n fi kàn án. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Màmá fi wà lórí rẹ̀. Á fi sánpépà ha á, á kùn ún, á dúró kó gbẹ, á tún ha á. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó kùn ún ní àkùnkẹ́yìn. Ó ní òun ń lọ kí ẹbí àwọn kan tó ń ṣàìsàn ní Ìdó, kí n má wọ yàrá náà títí òun yóò fi dé.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo wo inú yàrá, mo rí èérún nílẹ̀ káàkiri. Mo ní bó bá dé tó bá ilẹ̀ mímọ́, inú rẹ̀ á dùn, bóyá á tilẹ̀ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í kun nǹkan. Ni mo bá wọlé, mo gbá a gbígbẹ. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Mo ṣọ́ra gidigidi kí ìgbálẹ̀ má kan tábìlì náà. Mo jáde, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì lọ jókòó tayọ̀tayọ̀.

Màmá dé lẹ́yìn ọ̀sán. Ó wọlé, kò sì jáde bọ̀rọ̀. Nígbà tó pè mí, ó ní kí n fi ìka kan ojú tábìlì náà. Ó ń ha ni lọ́wọ́ bí ewé ìpín. Àwọn hóró tín-ín-tín-ín ti bà lé gbogbo ara rẹ̀, wọ́n ti lẹ̀ mọ́ fáníìṣì, fáníìṣì sì ti gbẹ mọ́ wọn. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ti bàjẹ́. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni ìjọ náà fẹ́ ya tábìlì sí mímọ́.

Mo ní ilẹ̀ lásán ni mo gbá, pé mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo búra. Ó ní òun mọ̀ pé mi ò fọwọ́ kàn án. Mo dúró kó bú mi, mo ti ń ro bí n ó ṣe kó ẹrù mi padà sí Ṣakí. Kò bú mi. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ku ẹyọ kan níhà ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí. Ìyẹn náà, ó ṣí i sílẹ̀ ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta péré. Oòrùn gba ibẹ̀ wọlé, ó na gbọọrọ láti ojú fèrèsé dé ilẹ̀. Ó ní kí n mú ìgbálẹ̀, kí n gbá a bí mo ṣe gbá a láàárọ̀. Mo gbá a lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó ní ó tó, kí n dúró kí n wò ó.

Ìyá mi, mi ò mọ bí n ó ṣe sọ ọ́ kó yé yín. Inú ìmọ́lẹ̀ náà kún. Ohun tí mi ò lè kà ń gòkè, wọ́n ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń yí ara wọn po, wọ́n ń tàn yẹ́ríyẹ́rí bí ìràwọ̀. Wọn ò já bọ́ sílẹ̀. Mo na ọwọ́ mi sáàárín wọn, wọ́n yà fún un, wọ́n tún padà sí àyè wọn. Ó lẹ́wà débi pé ẹ̀rù bà mí. Mo wo apá ibi tó ṣókùnkùn nínú yàrá, mi ò rí nǹkan kan, mo wá mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀ náà, pé ojú mi ni kò rí wọn. Àárín wọn ni mo ti ń mí láti oṣù mẹ́ta. Mo ní Sùbúhánáláhì. Màmá ní kí n jókòó.

A jókòó lórí àpótí kan. Mo rò pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ máa gbà. Àwọn tó tóbi ti balẹ̀, àmọ́ àwọn tó kéré jù lọ ò tiẹ̀ fẹ́ wá sílẹ̀. Wọ́n pe ìrun Alásárì, mo dìde, mo lọ ṣe àlùàlá, mo kírun, mo padà dé. Màmá ṣì jókòó síbẹ̀. Àwọn kan ṣì ń léfòó nínú oòrùn. Mo wò wọ́n títí, mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ bo imú mi.

Ìgbà yẹn ni Màmá sọ ti ọkọ rẹ̀ fún mi. Ó ní ìrọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́ lọkọ òun máa ń gbá yàrá yìí fúnra rẹ̀, gbígbẹ, tagbára-tagbára, torí ó fẹ́ràn ìmọ́tótó, kì í jẹ́ kí ẹlòmíì bá òun gbá a. Ikọ́ bẹ̀rẹ̀, ó ní òtútù ni. Ikọ́ náà ò lọ, ó ṣì ní òtútù ni. Nígbà tí wọ́n wá ya àwòrán àyà rẹ̀ nílé ìwòsàn, dókítà gbé e sókè, ó wò ó, ó sì béèrè irú iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó ní ohun tó ti bàjẹ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró yẹn kò ní padà sípò mọ́. Ọdún méjì ló gbé lẹ́yìn ìyẹn, kò sì lè dùbúlẹ̀ sùn mọ́. Ńṣe ló máa ń jókòó, á gbé orí lé tábìlì. Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, Màmá wá gbá yàrá náà, oòrùn gba fèrèsé wọlé, òun náà sì rí ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Ó sọ fún mi pé: “Láísì, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n la fi jọ gbé. N kò mọ̀ pé inú èyí ló ti ń mí.”

Nígbà tí inú ìmọ́lẹ̀ náà ti mọ́, ó dìde, ó bu èérún pákó, ó wọ́n omi sí i, ó fi ọwọ́ fún un wò. Ó dì, ṣùgbọ́n omi kò kán nínú rẹ̀. Ó fọ́n ọn sí ẹ̀bá ògiri, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ń gbá a. Kò gbé ẹnu ìgbálẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ńṣe ló ń fà á bọ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní kúkúrú-kúkúrú, láìkánjú. Bó bá ti kó o jọ díẹ̀, á kúnlẹ̀, á fi ọwọ́ kó o sínú àpò jẹ́jẹ́, kò dà á láti òkè. Èmi ń wo ojú oòrùn. Ó gbá abẹ́ rẹ̀ kọjá, ó gbá ọ̀tún, ó gbá òsì, inú ìmọ́lẹ̀ náà mọ́ gaara bó ṣe wà. Bóyá hóró mẹ́wàá ló dìde. Obìnrin arúgbó kan, omi inú garawa, ìgbálẹ̀ kan náà tó ti wà lọ́wọ́ mi fún oṣù mẹ́ta, eruku sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Mo ti rí ohun tó tóbi láyé mi, mo ti rí òkè, mo ti rí odò tó kún bolẹ̀, àmọ́ kò sí èyí tó pa mí lẹ́nu mọ́ bíi tọjọ́ yẹn.

A gbé tábìlì náà jáde síta láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, a fi aṣọ di imú, a ha gbogbo fáníìṣì tó bàjẹ́ kúrò lára rẹ̀. Èmi ni mo tún yàrá ṣe. Mo fi aṣọ tútù nu ògiri láti òkè wá sísàlẹ̀, mo gbálẹ̀ bí Màmá ṣe gbá a, mo tún fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì dúró. Kí a tó gbé tábìlì padà wọlé, mo ṣí fèrèsé kan díẹ̀, mo yẹ oòrùn wò. Màmá rí mi. Nígbà tó kun iwájú rẹ̀ tán, ó na búrọ́ọ̀ṣì sí mi, ó ní kí n kun ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn náà ò dán tó iwájú, àmọ́ ó jọ̀lọ̀.

Nírọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta la gbé e dé Ayégbajú. A bá bàbá àgbàlagbà kan tó ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń gbálẹ̀, eruku ti bo gbogbo ibẹ̀. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò mí. Mo tọ bàbá náà lọ, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn gbá ìyókù. Ó rò pé mò ń bọ̀wọ̀ fún àgbà ni. Mo tọrọ omi àti àkísà, mo rẹ ẹ́, mo fún un, mo wé e mọ́ ẹnu ìgbálẹ̀, mo sì fà á nílẹ̀ láti orí pẹpẹ dé ẹnu ọ̀nà. Bàbá náà dúró, ó ń wò mí. Ó ní gbogbo ọjọ́ Àìkú ni òun máa ń sín títí ìsìn á fi parí, pé àwọn èèyàn ti sọ ọ́ di àwàdà. Ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó gbìyànjú rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ló bi mí ọmọ ta ni mí. Mo pe orúkọ bàbá mi. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó béèrè rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé Èkìtì.

Ìyá mi, ẹ wá gbọ́ o. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé irun yín máa ń hu ewú lójoojúmọ́ ni, tó bá di ìrọ̀lẹ́ tí ẹ wẹ̀, á tún dúdú. Èlùbọ́ ni. Ó máa ń wà ní ìpéǹpéjú yín, ó máa ń wà létí yín. Èyí tó wà lára yín, omi máa ń fọ̀ ọ́. Èyí tó gba imú wọlé ni mò ń rò.

Ẹ má lo èérún pákó ní tiyín, torí oúnjẹ lẹ ń lọ̀, ẹ má sì da omi sílẹ̀ nítòsí ẹ̀rọ. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ jáde, ẹ jẹ́ kí èyí tó wà lókè balẹ̀ dáadáa kí ẹ tó mú ìgbálẹ̀. Ẹ gbé àpò èlùbọ́ jìnnà kí omi má bà á jẹ́. Ẹ wá fi aṣọ tútù tí ẹ ti fún wé ẹnu ìgbálẹ̀, kí ẹ máa fà á, ẹ má ju ìgbálẹ̀ sókè. Ògiri náà, aṣọ tútù ni, láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹ má sì gbọn àpò mọ́ ara òpó mọ́. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi Sìlífátù, ẹ jọ̀ọ́, níbi tí ẹ kà dé yìí, ẹ wo ojú wọn, ẹ tún un kà.

Mi ò sọ pé eruku ẹ̀rọ ló fa ikọ́ náà. Èmi kì í ṣe dókítà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ lọ sílé ìwòsàn, kí wọ́n gbọ́ àyà yín, kí ẹ sì sọ irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe fún wọn kí wọ́n tó béèrè. Owó tí mo fi rán Kámọ́rù sí yín wà fún ìyẹn. Ẹ má fi ra aṣọ fún àwọn ọmọ Sìlífátù.

Lánàá, mo sọ fún Màmá Bọ́sẹ̀ pé mò ń kọ̀wé sí yín. Ó béèrè ọjọ́ orí yín, ó béèrè iye ọdún tí ẹ ti wà nídìí ẹ̀rọ. Ó wá béèrè bí Ṣakí ṣe jìnnà tó. Mo ní ọkọ̀ mẹ́ta la máa wọ̀. Ó ní bí mo bá ń bọ̀ wálé fún Iléyá, òun máa bá mi wá. Mo rán an létí pé Iléyá kì í ṣe ọdún tirẹ̀. Ó ní òun kò wá jẹran. Ó ní nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì lè wúlò fún ọkọ òun, òun kò mọ ohun tóun ì bá sọ. Ó ní ẹ̀yin ṣì ń rìn, ẹ ṣì ń sọ̀rọ̀, ẹ ṣì ń bínú sí ẹni tó bá ní kí ẹ sinmi, nítorí náà òun fẹ́ wá jókòó tì yín. Ó ti ń ro aṣọ tó máa wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún yàrá kan ṣe.

Ọlọ́hun á jẹ́ kí èémí yín gùn, kó máa wọlé nírọ̀rùn, kó sì máa jáde nírọ̀rùn. Á jẹ́ kí n bá yín láyọ̀. Ẹ bá mi kí ará ilé, ẹ kí ará àdúgbò, ẹ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín tó ń lọ èlùbọ́, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Èmi ni ọmọ yín tó ń fẹ́ kí ẹ pẹ́ láyé,
Láísì.